Ìbọn Àkọ́kọ́ Yín fún Ọdẹ Ẹyẹ àti Àwo Amọ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Èyí Tó Bá Ara Yín Mu

Okun o. Láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ní ilẹ̀ Okun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì padà wá sílé máa ń bi mí: irú ìbọn wo ni kí àwọn kọ́kọ́ rà tí àwọn bá fẹ́ máa pa àparò, àdàbà àti awó? Ẹni tó bá ti wo fídíò àwọn tó ń yìnbọn sí àwo amọ̀ tí wọ́n ń jù sókè yóò tún fi kún un pé òun fẹ́ èyí tí òun lè fi ṣe méjèèjì.

Ìdáhùn mi kì í yí padà. Ẹ ra ìbọn tó bá òfin mu, lẹ́yìn náà kí ẹ wo èyí tó bá ara yín mu, kí ẹ tó ronú kan ẹwà rẹ̀ tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Mo mọ ẹnì kan tó ra ìbọn olówó gọbọi, tí kò fi pa ju àdàbà méjì lọ ní odidi ọ̀ẹ̀rùn kan, nítorí pé ìdí ìbọn náà, igi ẹ̀yìn tí a ń gbé sí èjìká, gùn jù fún apá rẹ̀. Mo sì mọ àgbà ọdẹ kan lápá Mọ̀pà tí ìbọn ẹlẹ́nu kan tó ti gbó lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà tàsé. Ìdí ìbọn yẹn gùn tó bó ṣe yẹ kó gùn fún un, kò sí àṣírí mìíràn níbẹ̀.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òfin

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ló ń darí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí òfin kà léèwọ̀ fún ará ìlú, èyí tí ènìyàn lè ní tó bá gba ìwé àṣẹ, àti ṣakabùlà pẹ̀lú irú rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu, èyí tí òun náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ìbọn ọdẹ tó ń lo kátíríìjì (ike kékeré tí ilé iṣẹ́ kó ọta àti ẹ̀tù sí) wà ní ọ̀nà kejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀. Èyí tó ń ki ara rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín, àti èyí tí a ń fà síwá fà sẹ́yìn kó lè ki kátíríìjì mìíràn, tí wọ́n ń pè ní pọ́ǹpù, kò sí lára ohun tí a lè gba ìwé àṣẹ yìí fún. Nítorí náà, bí ẹ bá tiẹ̀ ń rí wọn nínú fídíò lójoojúmọ́, ẹ yọ wọ́n kúrò lọ́kàn. Ohun tó kù fún yín ni ìbọn tí a ń ká láàárín, tí a sì ń fi ọwọ́ ki, yálà ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì.

Bí ẹ ó ṣe tò ó nìyí:

1. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́lọ́wọ́, nítorí pé àwọn ìgbà kan wà tí wọ́n máa ń dá a dúró. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ìbọn kankan kí ẹ tó mọ èyí.
2. Ẹ yẹ ara yín wò. Òfin kò gbà kí wọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn.
3. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ láti ta ìbọn ni kí ẹ ti rà á. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ ti fẹ́ gbà á, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i kí ìbọn náà tó kúrò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́.
4. Ẹ fi ara yín han olórí ọdẹ àti baálẹ̀ níbi tí ẹ ti fẹ́ máa ṣe ọdẹ. Pẹ̀lú ìbẹ̀rù ajínigbé tó wà ní ilẹ̀ wa lónìí, àjèjì tó gbé ìbọn kọ́ èjìká nínú igbó kò ní rí àyè ṣàlàyé ara rẹ̀ kí wọ́n tó ké sí àwọn ọdẹ àti sójà.

Ìkìlọ̀: ẹ má ra ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ láti máa yin kátíríìjì. Yàtọ̀ sí pé òfin kò fàyè gbà á, irin rẹ̀ kò ní agbára láti gba ooru àti ipá inú kátíríìjì ilé iṣẹ́. Ìka ọwọ́ òsì, èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn gan-an, ló sábà máa ń lọ sí i.

2. Ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì?

Ìbọn ẹlẹ́nu kan fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ sì rọrùn. Ó ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó yìn ín kí ẹyẹ tó lọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó fúyẹ́, ó máa ń ta èjìká nípàá gan-an, ẹni tó bá sì fẹ́ yìn ín ní ìgbà 25 tàbí 50 sí àwo amọ̀ lọ́jọ́ kan yóò fi èjìká rẹ̀ jìyà.

Ẹlẹ́nu méjì tí ọ̀pá rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àwọn bàbá wa mọ̀ jù. Ó dára fún ẹyẹ, ó sì rọrùn láti gbé kiri nínú igbó. Èyí tí ọ̀kan wà lórí èkejì máa ń wúwo díẹ̀ ju ìyẹn lọ, ojú sì máa ń ríran dáadáa lórí rẹ̀ nítorí pé ọ̀pá kan ṣoṣo ni ẹ ń wò. Òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yìnbọn sí àwo amọ̀ káàkiri àgbáyé ń lò. Bí apá yín bá ká a, tí ẹ sì fẹ́ ṣe méjèèjì, òun ni mo máa sọ pé kí ẹ rà. Bí ọdẹ ẹyẹ nìkan ni, ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-ara-wọn tó wà ní ipò tó dára kò ní já yín kulẹ̀.

Nípa gígùn ọ̀pá, ẹ wá láti sẹ̀ǹtímítà 66 sí 71 fún inú igbó, kí ẹ sì wá 71 sí 76 tó bá jẹ́ pé àwo amọ̀ ni ẹ ó máa yìn jù.

3. Géèjì wo?

Géèjì ni wọ́n fi ń sọ bí ihò ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó. Nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ọ̀pá ṣe tóbi tó. Géèjì 12 fẹ̀ tó mílímítà 18.5, géèjì 20 fẹ̀ tó 15.6. Èyí tí wọ́n ń pè ní .410 kò ju 10.4 lọ, òun sì nìkan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ ìwọ̀n ihò gan-an, ní ínǹṣì.

Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, géèjì 12 ni kí ẹ mú. Kátíríìjì rẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù, ẹ sì lè ra èyí tó rọra, tí ọta inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 24 tàbí 28, kó má baà ta yín nípàá jù. Ẹni tí ara rẹ̀ kéré lè mú géèjì 20, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ rí i dájú pé òun yóò máa rí kátíríìjì rẹ̀ rà. Ẹ má ra .410 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, nítorí pé ọta inú rẹ̀ kéré, ó sì ń fẹ́ ọwọ́ tó ti mọ́ iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lò ó yóò máa tàsé, yóò sì máa ṣe ẹyẹ léṣe láìpa á.

Ìkìlọ̀ pàtàkì: kátíríìjì géèjì 20 àti ti 12 kò gbọdọ̀ pàdé nínú àpò kan náà láéláé. Bí ẹ bá ṣèèṣì ki ti 20 sínú ìbọn 12, yóò yọ̀ wọ inú ọ̀pá lọ, yóò sì há síwájú níbi tí ojú yín kò ní rí i. Ẹ ó rò pé ẹ kò tíì ki nǹkan kan, ẹ ó wá fi ti 12 sí i lẹ́yìn. Ẹ bá yìn ín, ọ̀pá yóò bẹ́ lé yín lọ́wọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe sábà ń fi àwọ̀ ìyeyè ṣe kátíríìjì géèjì 20.

4. Bí ìbọn ṣe ń bá ara mu

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ìbọn ọdẹ ẹyẹ kò dà bí èyí tí a ń fi ojú kan wọ̀n kí a tó yìn ín. Ẹyẹ ni ojú yín ń wò, kì í ṣe ìbọn. Ìbọn náà gbọ́dọ̀ tọ ibi tí ojú ń lọ fúnra rẹ̀, bí ìka ṣe ń tọ́ka sí nǹkan láìjẹ́ pé a wo ìka náà. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá bá ara yín mu.

Ṣáájú gbogbo ìdánwò yìí, ẹ ká ìbọn náà, ẹ wo inú ọ̀pá méjèèjì, kí ẹlòmíràn sì tún bá yín wò ó pé kò sí kátíríìjì níbẹ̀.

1. Ẹ mọ ojú tó lágbára. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ fi wọ́n ṣe ihò kékeré kan, kí ẹ wo ewé kan tàbí orí òpó láti inú rẹ̀ pẹ̀lú ojú méjèèjì. Ẹ di ojú òsì. Bí ohun náà bá ṣì wà nínú ihò, ojú ọ̀tún yín ló lágbára. Bó bá sá kúrò, tòsì ni. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún ṣùgbọ́n tí ojú òsì rẹ̀ lágbára lè kọ́ láti máa gbé ìbọn sí èjìká òsì, èyí tó dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tàbí kó lẹ táàpù kékeré mọ́ ara awò ojú òsì rẹ̀.
2. Ẹ wo gígùn ìdí ìbọn. Ẹ gbé ìbọn sí èjìká bí ẹni fẹ́ yìn ín, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan igi. Àlàfo tó wà láàárín àtàǹpàkò ọwọ́ tó mú tírígà àti imú yín gbọ́dọ̀ gba ìka méjì sí mẹ́ta. Bí àtàǹpàkò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú, ìdí ìbọn kúrú. Yóò gbá yín nímú. Bí ìdí ìbọn bá ń há yín lábẹ́ apá nígbà tí ẹ ń gbé e, ó gùn jù. Irú aṣọ tí ẹ máa wọ̀ lọ sóko ni kí ẹ wọ̀ lọ wò ó. Ẹ̀wù òtútù ìgbà ọyẹ́ máa ń jẹ nínú àlàfo yẹn.
3. Ẹ di ojú, kí ẹ gbé e. Ẹ wo ibì kan lára ògiri, ẹ di ojú méjèèjì, ẹ gbé ìbọn sí èjìká, kí ẹ wá la ojú. Bí ìbọn bá bá yín mu, ẹ ó rí orí ọ̀pá náà gbọọrọ, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó wà ní ẹnu rẹ̀, tó dojú kọ ibi tí ẹ ń wò. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn irin lọ, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbé ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ ó sì máa yìn ín sí ìsàlẹ̀ ẹyẹ. Bí ẹ bá ń rí gbogbo orí ọ̀pá bí ẹni wo títì láti orí òkè, ọta yóò máa gba òkè kọjá. Ẹ ṣe èyí ní ìgbà mẹ́wàá kí ẹ tó gbà pé ó dára.
4. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ ìbọn ẹlẹ́nu méjì géèjì 12 wúwo tó kílógíráàmù 3 sí 3.5. Bí apá bá ti ń gbọ̀n kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ẹ wá èyí tó fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bó bá ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe ta yín nípàá tó.

Ìdí ìbọn tó gùn díẹ̀ ṣeé gé, èyí tó kúrú díẹ̀ ṣeé fi rọ́bà kún. Ẹ má ṣe gbé e fún gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń ṣe àga. Ẹ wá ẹni tó mọ ìbọn. Níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti lọ sílẹ̀ jù, awọ tí a dè mọ́ igi náà ti tó.

5. Bí ó bá jẹ́ àlòkù

Àlòkù tó dára sàn ju tuntun tí kò dára lọ. Ẹ lọ wò ó ní ojú ọ̀sán, kí ẹ sì mú àkísà mímọ́ dání.

- Ǹjẹ́ nọ́ńbà ara ìbọn bá ti inú ìwé àṣẹ mu? Bí kò bá bá a mu, ẹ yí padà, ẹ máa lọ sílé.
- Ẹ nu inú ọ̀pá, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ojú ọ̀run, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa dán láti òpin dé òpin. Òjìji tó dà bí òrùka nínú rẹ̀ ń sọ pé ọ̀pá náà ti wú níbẹ̀ rí. Ẹ má rà á.
- Ẹ fi ìka méjì tọ ìta ọ̀pá láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu. Ìka ń rí ohun tí ojú kò rí.
- Ẹ tú igi iwájú kúrò, ẹ pa ìbọn dé, ẹ mú ìdí rẹ̀, kí ẹ mì í. Bí ọ̀pá àti ara ìbọn bá ń kan ara wọn gbọ̀n-ọ̀n gbọ̀n-ọ̀n, ó ti jẹ.
- Ẹ wo ibi tí ìdí ìbọn ti tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn tírígà, bóyá igi ti là.
- Ẹ wá nọ́ńbà gígùn ihò kátíríìjì lára irin, ní mílímítà: 65, 70 tàbí 76. Gígùn tí wọ́n kọ sára kátíríìjì jẹ́ gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín. Nítorí náà kátíríìjì 76 lè wọ ihò 70 wẹ́rẹ́, kó sì di ewu nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá fẹ́ ṣí tí kò rí àyè.

Ẹnì kan ta ìbọn ẹlẹ́nu méjì fún mi rí, tó búra pé ihò rẹ̀ jẹ́ 70. Ojú ọ̀nà ni mo ti fi àkísà àti kẹrosíìnì nu ìpẹtà kúrò lára irin tí mo fi rí 65 níbẹ̀. Owó mi kò padà tán, ṣùgbọ́n ìka mi mẹ́wàá ṣì pé.

6. Ọta àti ṣóòkù

Ṣóòkù ni bí ẹnu ọ̀pá ṣe há tó. Èyí tó há ń kó ọta jọ lọ sí ọ̀nà jíjìn, èyí tí kò há ń fọ́n ọn kíákíá. Òbìrí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75 ní nǹkan bíi mítà 36 ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: nínú 100 ẹyọ ọta, ṣóòkù tí wọ́n ń pè ní Cylinder, èyí tí kò há rárá, ń kó bíi 40 sínú òbìrí yẹn, Improved Cylinder ń kó 50, Modified ń kó 60, Full ń kó 70. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń fẹ́ Full nítorí pé orúkọ náà lágbára létí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àparò tó fò níwájú yín kì í sábà ju mítà 25 lọ nígbà tí ẹ bá yìn ín, Full yóò sì jẹ́ kí ẹ tàsé, tàbí kó fọ́ ẹran náà yángá. Improved Cylinder ní ọ̀pá àkọ́kọ́ àti Modified ní èkejì ti tó fún igbó wa àti fún ọ̀pọ̀ àwo amọ̀.

Ní ti ọta, nọ́ńbà 7½ tàbí 8 (bíi mílímítà 2.3) dára fún àdàbà àti àwo amọ̀, nígbà tí nọ́ńbà 6 (bíi 2.6 sí 2.8) dára fún àparò àti awó. Nọ́ńbà yìí kò dọ́gba ní gbogbo orílẹ̀-èdè, nítorí náà mílímítà tó wà lára páálí ni kí ẹ máa wò. Ẹ má ra kátíríìjì tí ẹnì kan tún kì ní ilé.

7. Àṣìṣe tó ń ṣe ni léṣe

*Ẹnu ìbọn tó dí.* Ní ìgbà òjò kan, mo gbé ìbọn mi kọ́ ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo ká a, mo gbé e sókè kí n wo inú rẹ̀. Ọ̀pá òsì mọ́lẹ̀ kedere, ti ọ̀tún sì ṣú dúdú. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ mọ ilé ti wọ ibẹ̀, ó ti fi amọ̀ dí i pa. Nígbà tí mo fi igi tì í jáde, aláǹtakùn wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tó kó pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ká ní mo yìn ín bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pá náà ì bá ya. Ẹ wo inú ọ̀pá nígbàkígbà tí ẹ bá gbé e, àti nígbàkígbà tí ẹnu rẹ̀ bá kan ilẹ̀.

*Yíyìn ín sí ìsàlẹ̀.* Ọta nọ́ńbà 6 lè dé bíi 200 mítà kó tó bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí kajú bá ń so, láti bíi oṣù kejì sí ìkẹrin, àwọn ìyá àti ọmọdé máa ń wà lábẹ́ igi kajú láti fẹ̀ẹ̀rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ba, ẹ kò sì ní rí wọn. Ẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn bí ẹ kò bá rí ojú ọ̀run lábẹ́ ẹyẹ náà. Ẹ jẹ́ kí àparò tó fò nílẹ̀ gòkè dáadáa. Bí kò bá gòkè, ẹ jẹ́ kó lọ.

*Ẹyẹ tí kò yẹ ká pa.* Odídẹrẹ́, igún àti àkàlà kò sí lára ohun ọdẹ. Igún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ mọ́ wa lójú, òfin àgbáyé sì ti ka òwò odídẹrẹ́ inú igbó léèwọ̀ láti 2017.

*Etí.* Ariwo ìbọn yìí ju désíbẹ́ẹ̀lì 140 lọ, etí tó bá kú kì í jí. Ẹ ra ìdílétí àti awò ojú lọ́jọ́ kan náà tí ẹ ra ìbọn.

*Ojú ọ̀nà.* Ẹ ká ìbọn sí méjì, ẹ fi sínú àpò rẹ̀, kí kátíríìjì wà nínú àpò mìíràn, kí ìwé àṣẹ gan-an sì wà lọ́wọ́. Bí ẹ bá dé ibi tí sójà tàbí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró, ẹ sọ pé ìbọn wà nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó rí i fúnra wọn, kí ọwọ́ yín méjèèjì sì wà níbi tí wọ́n ti lè rí i.

8. Ọjọ́ àkọ́kọ́: pépà sìmẹ́ǹtì

Kí ẹ tó yìn ín sí ẹyẹ kankan, ẹ mọ ohun tó ń ṣe.

1. Ẹ tú àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin, ẹ fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ìwé ńlá kan, kí ẹ so ó mọ́ ògiri kòtò yẹ̀pẹ̀ tí kò sí ọ̀nà tàbí oko lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kun àmì kékeré kan sí àárín.
2. Ẹ dúró ní ìgbésẹ̀ 30, ẹ wo àmì náà, ẹ gbé ìbọn sí èjìká bí ẹni rí ẹyẹ, kí ẹ sì yìn ín láìdúró wọ̀n ọ́n.
3. Ẹ fa òbìrí oní-sẹ̀ǹtímítà 75 yí ibi tí ihò ti pọ̀ jù ká. Bí àárín òbìrí yẹn bá jìnnà sí àmì ju ìbú ọwọ́ kan lọ, ẹ tún un ṣe ní ìgbà mẹ́ta lórí ìwé mìíràn. Bí ó bá ń lọ sí ibì kan náà léraléra, ìdí ìbọn ló ń fẹ́ àtúnṣe.
4. Ẹ wò ó bóyá àlàfo kan wà nínú òbìrí náà tí àparò odidi lè gbà kọjá láìjẹ́ pé ọta kan kàn án. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀, ẹ dán irú kátíríìjì mìíràn wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ṣóòkù.
5. Ẹ kọ ọjọ́, irú kátíríìjì, ọ̀pá tí ẹ yìn àti iye ihò sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, ẹ ká a, kí ẹ sì fi sínú àpò ìbọn.